Ìjọba kì í jẹ̀bi ní kóòtù? Èmi tí mo ń gbèjà káńsù ni kí ẹ bi

Bí mo bá ti sọ fún èèyàn pé iṣẹ́ mi ni kí n máa gbèjà ìjọba ìbílẹ̀ ní kóòtù, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn. "Lọ́yà, iṣẹ́ yín mà rọrùn o. Ta ló ń bá ìjọba ṣẹjọ́ tó ń borí?" Mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò láti Gánmọ̀ títí dé Òmù-Àrán, mo ti gbọ́ ọ níbi ìkómọ ní Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pàápàá ti sọ ọ́ lójú mi. (Ẹ̀gbọ́n mi yìí náà ló gbà pé owó wà nídìí ẹ̀. Owó iṣẹ́ tí mo ti ṣe ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé "ó ti wà lórí tábìlì ọ̀gá.")

Irọ́ ni. Mo ti pàdánù ẹjọ́ fún káńsù ju bó ṣe yẹ kí n máa fẹnu ara mi sọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Káńsù kan ní gúúsù Kwara wó ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta pákó. Mi ò ní dárúkọ káńsù náà, oníbàárà mi ni. Fáìlì tí wọ́n gbé fún mi kò ju ewé mẹ́rin lọ, pín-ìn-nì tó so wọ́n pọ̀ ti dípẹtà. Akọ̀wé tó gbé e fún mi ní, "Gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀, sà." Ohun tí mo ń wá gan-an ni kò sí níbẹ̀: nọ́tíìsì. Káńsù ò lè déédéé jí lọ́jọ́ kan kó lọ wó nǹkan oníǹkan. Abala 36 nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu èèyàn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ìjọba ló fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó kàn wá láti pe ẹlẹ́rìí, òṣìṣẹ́ káńsù kan bọ́ sínú àpótí, ó búra, ó ní àwọn fún ọkùnrin náà ní nọ́tíìsì ọjọ́ méje. Lọ́yà ẹnìkejì, ọmọdé kan báyìí tí aṣọ kóòtù ọrùn rẹ̀ ṣì ń dán, dìde.

"Ta lẹ fún?"

"Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri."

"Ògiri wo?"

"Ògiri ìsọ̀ náà."

"Níbo ni ògiri náà wà báyìí?"

Ọkùnrin náà wò mí. Èmi náà wo bàtà mi. "A ti wó o," ló wí.

Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín, ó kàn rọra gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti tán. Nígbà tí ìdájọ́ jáde, káńsù jẹ̀bi, ó san owó gbà-má-bìínú, ó tún san owó tí ọkùnrin náà ná sórí ẹjọ́.

Àwọn míì á ní kóòtù ṣáà ti jẹ́ ti ìjọba, ṣé adájọ́ á dá ẹni tó ń sanwó oṣù fún un lẹ́bi? Káńsù kọ́ ló ń sanwó oṣù adájọ́ Kóòtù Gíga. Gómìnà ló ń yàn án, NJC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ní Nàìjíríà, ló ń dábàá orúkọ rẹ̀ kí gómìnà tó yàn án, NJC yìí náà ló sì ń sanwó oṣù rẹ̀. Alága káńsù ò lè gbé e kúrò ní Ìlọrin lọ sí Ọ̀ffà. Alága fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin ti bò ó, pé a ò lè pè é lẹ́jọ́ títí yóò fi kúrò lórí àga. Abala 308 nínú òfin ọdún 1999 yẹn náà dárúkọ àwọn tí òfin bò bẹ́ẹ̀: Ààrẹ àti igbákejì rẹ̀, gómìnà àti igbákejì rẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Alága káńsù ò sí níbẹ̀.

Ẹ ó wá bi mí pé, ṣebí ẹ̀ ń borí nígbà míì? À ń borí. Ohun tó sì ń jẹ́ ká borí, n kì í sábà fẹ́ sọ ọ́ síta. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé ẹjọ́ sì ti sọ pé ó bo iléeṣẹ́ ìjọba náà. Oṣù mẹ́ta péré ló fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ láti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá, kóòtù á da ẹjọ́ náà nù, káńsù ì báà jẹ̀bi títí dé ọ̀run.

Ẹ tún wá wò ó, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí káńsù pé ẹ̀ ń bọ̀ wá pè wọ́n lẹ́jọ́, kẹ́ ẹ sì dúró fún oṣù kan. Ẹ má fọkàn sí i pé wọ́n á fi oṣù yẹn kún mẹ́ta fún yín. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ìwé yìí, ìyẹn ò burú tó ti àkọ́kọ́: kóòtù á ní kẹ́ ẹ padà lọ múra wá, bí àkókò bá ṣì wà. Ó níbi tí òfin oṣù mẹ́ta náà ò dé o. Bí káńsù bá gbé iṣẹ́ gọ́tà fún kọngílá tí kò sì sanwó, kò lè sá sábẹ́ ẹ̀. Láti ọdún 1974 ni Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé kò kan àdéhùn iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀ nípa àdéhùn ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú àwọn tó ń ráhùn ni owó gbígbà. Kéèyàn borí lọ́tọ̀, kówó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́tọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí kóòtù mú owó tó wà níkàáwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin ní kí Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba, tí wọ́n ń pè ní Attorney-General, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, èèyàn sì lè jókòó ti ìbuwọ́lùwé yẹn kó pẹ́ gan-an. Ní July 11, 2024, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kówó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. Bí ìyẹn bá fìdí múlẹ̀, àwáwí pé "ìpínlẹ̀ ò tíì fún wa" á dín kù lẹ́nu àwọn oníbàárà mi.

Kí ló wá ń jẹ oṣù mẹ́ta náà tán? Ẹ̀bẹ̀ ni. Wọ́n wó ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́. Ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n lọ rí lọ́yà. Àwọn ẹbí ní rárá, ìjọba ò ṣeé bá jà, ẹ jẹ́ ká fi àgbà bẹ̀ wọ́n. Wọ́n lọ rí baálẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ rí aṣíwájú ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù. Ìyẹn mú wọn dé ọ̀dọ̀ alága, alága gbà wọ́n tẹ̀ríntọ̀yàyà, ó ní kí wọ́n fún òun láyè, òun á wo ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ìgbà yẹn, aago òfin ò dúró, torí ẹ̀bẹ̀ àti ìpàdé kì í dá a dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ẹjọ́, oṣù karùn-ún ti wọlé. Mo kọ àtakò ojú ewé mẹ́ta, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù kí ẹnikẹ́ni tó jẹ́rìí.

Lójú àtẹ̀gùn kóòtù, ìyá náà kúnlẹ̀ kí mi kí n tó lè dá a dúró. "Lọ́yà, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ má bínú sí wa. Mo ti sọ fún wọn nílé tẹ́lẹ̀ pé ìjọba kì í jẹ̀bi."

Fáìlì rẹ̀ wà lábíyá mi nígbà yẹn. Nọ́tíìsì kankan ò sí nínú ẹ̀.