Ẹ má tíì máa patẹ́wọ́

Ẹ̀yin tí inú yín ń dùn pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù, tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Lóòótọ́, owó oṣù á máa wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ilé ló ń pinnu ẹni tí yóò máa gbé inú rẹ̀.

Ẹ wo Tango Gameworks, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù ní Jàpáànì. Ó di ti Microsoft, tó ń ṣe ẹ̀rọ Xbox, ní 2021, nígbà tí wọ́n ra ZeniMax, ilé-iṣẹ́ tó ni Tango, ní bílíọ̀nù 7.5 dọ́là. Ní 2023 Tango gbé géèmù Hi-Fi Rush jáde, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2024, Microsoft ní òun máa tì í pa. Ọpẹ́lọpẹ́ Krafton, ilé-iṣẹ́ géèmù ní Gúúsù Kòríà, tó gbà á lọ́wọ́ wọn! Bungie, ilé-iṣẹ́ géèmù tí Sony tó ń ṣe ẹ̀rọ PlayStation fi bílíọ̀nù 3.6 dọ́là rà ńkọ́? Òṣìṣẹ́ 220 ló pàdánù iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 2024.

N kò ní kò lè dáa o. Ọjọ́ pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ géèmù Insomniac ti ń bá Sony ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó rà á ní 2019, wọ́n ti mọwọ́ ara wọn. Ẹni tí gbèsè ká mọ́ kò lè ná ọjà bẹ́ẹ̀.

Àwa tí a ń gbá géèmù wọn lórí ẹ̀rọ mìíràn, ṣé wọ́n á já wa sílẹ̀ ni? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn kò ní já wa sílẹ̀. Bí wọn ò bá lè kọ ọ́, kí wọ́n kúkú náwó sórí géèmù kan ṣoṣo, kí wọ́n má ra ilé-iṣẹ́ náà.