Ojú kọ́ la fi ń dá kòrónà mọ̀

Tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ohun tí ojú àwọn ará Éṣíà rí lásìkò kòrónà, bí àwọn èèyàn ṣe ń sá fún wọn, ẹnìkan á ní ẹ̀rù ló fà á. Ẹ̀rù kẹ̀! Ẹ̀rù wo ló ń ṣa ojú yàn? Ní oṣù kẹta 2020, èrò inú ọkọ̀ ní New York á dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Kòríà tí kò rìnrìn àjò kankan, wọ́n á lọ fara ti òyìnbó tó ṣeé ṣe kó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì dé. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ kòkòrò náà wò, láti Yúróòpù ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ ìlú náà. Nílé wa ńkọ́? Ará Ítálì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá a lára rẹ̀, ní oṣù kejì 2020. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe òyìnbó ní "kòrónà" lọ́jà.

Ti àwọn nọ́ọ̀sì ló ká mi lára jù. Nọ́ọ̀sì ọmọ Philippines kò ju nǹkan bí 4 lọ nínú 100 nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ìṣirò ní oṣù kẹsàn-án 2020, àwọn ọmọ Philippines yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn nọ́ọ̀sì tí àrùn náà pa. Ẹni tó fi gbogbo òru tọ́jú aláìsàn, tó bá bọ́ aṣọ iṣẹ́, tó wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, àwọn èrò á bomú, wọ́n á sún. Ààrẹ Trump náà sì ń pe àrùn náà ní kòkòrò Ṣáínà ní gbangba nígbà náà.

Kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún àwa. Lásìkò Ẹ̀bólà ní 2014, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Texas kọ̀wé sí àwọn ọmọ Nàìjíríà pé àwọn ò gba ẹni tó bá ti ìlú tí àrùn náà wà wá. Gbogbo wa la bínú.

Ẹ̀yin tó máa ń fi ọ̀rọ̀ Guangzhou, ìlú kan ní Ṣáínà, dá mi lóhùn, mo gbọ́. Lóòótọ́ ni wọ́n lé àwọn èèyàn wa síta níbẹ̀ ní oṣù kẹrin 2020, tí àwọn kan sun títì. Ìwà ìkà ni. Àmọ́ àwọn onílé àti ọlọ́pàá Guangzhou ló ṣe é. Ọmọ Vietnam tó ń tún èékánná ìyàwó yín ṣe ní Peckham ní London kò sí níbẹ̀.