WD-40 kì í ṣe epo ẹja

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé epo ẹja ni wọ́n fi ń ṣe WD-40, epo inú agolo tí wọ́n ń fín sára irin, àti pé ẹni tí làkúrègbé ń dà láàmú lè fín in sí orúnkún kí ara tù ú. Irọ́ ni méjèèjì.

Epo rọ̀bì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ti sọ pé kò sí epo ẹja níbẹ̀, wọn kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi tọ́jú làkúrègbé. Ẹja wo tiẹ̀ ló ń rùn báyẹn?

Ọdún 1953 ni Rocket Chemical Company ṣe é ní San Diego, ní California. Nǹkan tí yóò lé omi kúrò lára irin ni wọ́n ń wá, kí irin má bàa dípẹtà. Lílé omi kúrò, ìyẹn “water displacement” lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni W àti D inú orúkọ náà dúró fún. 40 ni iye ìgbà tí wọ́n pò ó kí ó tó jẹ́. Ara mísáìlì Atlas ni Convair, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú àti mísáìlì, ti kọ́kọ́ lò ó. Ní 1958 ló tó dé ṣọ́ọ̀bù, nínú agolo tí wọ́n ń fín.

Ilẹ̀kùn tó ń han, nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà tí kò fẹ́ tú, gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì: iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fín in nítòsí iná o, torí ó ń gbiná. Tó bá jẹ́ oríkèé ara ló ń dùn yín, ẹ lọ rí dókítà.