Àtúnṣe: Olú Kò Ní Akọ àti Abo

Ẹnì kan kọ̀wé sí àwa àgbẹ̀ Ìkòròdú pé olú ní akọ àti abo, àti pé ẹni tí kò bá ra irúgbìn méjèèjì kò ní kórè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí náwó.

Ohun tí olú ní ni ẹgbẹ́ ìbálòpọ̀ tí apilẹ̀ àbùdá ń pinnu, ó sì lè pọ̀ gan-an: Schizophyllum commune, olú kékeré tó ń hù lára igi gbígbẹ, ní ju 23,000 lọ. Ojúkò méjì, A àti B, ni àwọn apilẹ̀ àbùdá náà wà. Ti B ń ṣe èròjà àmì àti purotéènì tó ń gba àmì náà, èyí tó ń jẹ́ kí kókó sẹ́ẹ̀lì kọjá láti inú fọ́nrán (okùn tín-ín-rín tí olú ti ń hù) kan sínú èkejì. Ti A ń ṣe purotéènì tó ń so pọ̀ ní méjì-méjì láti ta àwọn apilẹ̀ àbùdá mìíràn jí. Àfi tí fọ́nrán méjì bá yàtọ̀ síra ní A àti ní B ni wọ́n tó lè jọ mú olú jáde, kókó méjèèjì á sì máa gbé pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan láìdarapọ̀, títí olú yóò fi yọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Pleurotus ostreatus tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn. Ṣùgbọ́n fọ́nrán méjì ti so pọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú irúgbìn tí wọ́n ń tà fún wa, nítorí náà oríṣi kan péré ti tó. Bí olú kò bá yọ, ọ̀rinrin, atẹ́gùn àti ooru ilé ọ̀gbìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.