Ẹnu Ọ̀nà Ìsàlẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní àdúgbò wa níbí ní Adó-Èkìtì kan ilẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì na ìwé kan sí mi pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, owó kánífà ni a bá wá." Ọjọ́ kejì Kérésìmesì, tí ìjọba fi ṣe ọjọ́ ìsinmi, ni wọ́n fẹ́ dí òpópónà wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n ta kánópì, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde, kí tọmọdé tàgbà sì jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo rí orúkọ àwọn aládùúgbò mi tí wọ́n ti dá owó nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n rò ó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi bóyá n ó jáde ni tàbí n ó jókòó sílé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra àríyá. Ẹni tó bá mọ Èkìtì ní oṣù Kejìlá mọ̀ pé ìgbà yẹn ni ìlú máa ń kún. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn á gba ọ̀nà Iléṣà wọlé, wọ́n á gba Àrámọkọ kọjá, odó iyán á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti àárọ̀ ní ilé tó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ìró rẹ̀ kẹ́yìn. Ní àwọn oṣù yòókù, gẹ́ètì ni kálukú wa ń tì mọ́ra. Ọdún 19 ni mo ti gbé àdúgbò yìí, síbẹ̀ ibi kánífà ọdún kan ni mo ti mọ̀ pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni obìnrin tó ń gbé ilé kẹta sí tiwa, àti pé bàbá rẹ̀ àti bàbá mi jọ ṣe iṣẹ́ tíṣà pọ̀ nígbà kan rí. Obìnrin tó ń dín àkàrà ní ìkòríta sọ fún mi pé ohun tí òun ń tà ní alẹ́ ọjọ́ kan yẹn ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àwọn kan ń sọ pé ijó òpópónà kò yẹ ọmọ Ọlọ́run. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn yó iyán kó sì jó lẹ́nu ilẹ̀kùn ara rẹ̀.

Ohun tó ń fa ọwọ́ mi sẹ́yìn ni ohun tí ojú mi rí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Bàbá àgbà kan tó ń gbé ní òdìkejì wa, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra tipẹ́, ṣàdédé ṣubú nínú yàrá rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ àríyá. Ọkọ̀ wà, awakọ̀ wà, epo wà nínú ọkọ̀; ọ̀nà ni kò sí. Ọkọ̀ tó gbé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi dábùú òpópónà lókè, wọ́n sì ti kan pèpéle àwọn olórin dí ìsàlẹ̀ pátápátá. A kígbe títí, orin bo ohùn wa mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, inú bárò tí wọ́n fi ń ru yanrìn ni àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e sí, wọ́n sì ń tì í láàárín èrò títí tí wọ́n fi dé ojú títì. Bàbá kò kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ òsì kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́ títí di òní, kò sì sí ẹni tó lè mú mi gbà pé ogójì ìṣẹ́jú tí a fi ń wá ọ̀nà kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fetí sí ìròyìn nípa èrò tó pọ̀ ju ààyè lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 ni ó kú ní Ìbàdàn níbi àríyá ọdún tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Àbújá àti ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Èyí tí n kò lè gbàgbé nínú gbogbo wọn ni ti Itaewon ní ìlú Seoul, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Ọ̀nà tóóró kan tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 4 lọ ni èrò há sí, ènìyàn 159 sì kú. Ẹnì kan ti pe ọlọ́pàá ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ṣáájú pé èrò ti ń pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ti fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ó tó mẹ́fà tàbí méje lórí ilẹ̀ tí kò ju mítà 1 ní òró àti mítà 1 ní ìbú, kò sí ẹni tó ń darí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Èrò á máa gbé e bí ìgbà tí odò bá ń gbé igi. Orí ìdúró ni ọ̀pọ̀ ti ń kú, nítorí àyà kò rí ààyè fẹ̀ kí èémí wọlé.

Ọ̀nà Itaewon yẹn sì dà gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀ ni, tí ó fi jẹ́ pé bí àwọn tó wà lókè ti ń yẹ̀ ni wọ́n ń wó lu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ìgbà tí mo kà á ni mo jáde síta lọ wo òpópónà tiwa. Àwọn àgbà ní inú òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá, àdúgbò tí kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ṣọ̀wọ́n nílùú wa. Tiwa yìí dà gẹ̀rẹ́ láti ẹnu ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu àfárá, gọ́tà tí kò ní ìdérí wà ní ọ̀tún àti òsì, ìsàlẹ̀ gan-an sì ni wọ́n máa ń kan pèpéle dí. N kò sọ pé èrò tiwa pọ̀ tó ti Seoul, ṣùgbọ́n bángà kan ṣoṣo tó bá bú láàárín àwọn ọmọdé lókè ti tó láti mú kí gbogbo wọn sáré wá sísàlẹ̀.

Ó yẹ kí ìyẹn mú kí n pinnu pé n ó jókòó sílé. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni ó ti pinnu bẹ́ẹ̀: wọ́n á ti gẹ́ètì, wọ́n á sì máa ráhùn lórí fóònù pé àwọn ọ̀dọ́ ti ya ìyàkuyà. Ṣùgbọ́n bàbá tó ṣubú yẹn kò lọ síbi àríyá. Orí ibùsùn rẹ̀ ni ó wà, àríyá ni ó bá a nílé. Bí wọ́n bá ti dí òpópónà, gbogbo wa ni a wà nínú rẹ̀, àti ẹni tó ń jó àti ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo máa ń ronú nípa Ùdírókò, tí a ń ṣe nílùú yìí ní oṣù Kẹjọ, bí àwọn ìjòyè ti ń lọ kí Ewì, ọba wa, tí kálukú mọ ìgbà tí ó kàn án, tí àgbà sì wà níbẹ̀ tó ń sọ fún ọmọdé pé kó sún sẹ́yìn. Níbi kánífà tiwa, ta ni àgbà tó wà níbẹ̀? Gbogbo wa ti sá wọlé.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ náà padà wá ní ọjọ́ Sátidé, mo ní kí wọ́n jókòó. Mo bi wọ́n pé bí aboyún bá ń rọbí ní alẹ́ ọjọ́ náà, ibo ni ọkọ̀ yóò gbà? Wọ́n wo ojú ara wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Mọ́mì, a ò rò ó débẹ̀ yẹn." Òótọ́ ni ó sọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún un. A jọ rìn lọ sí ìsàlẹ̀, a fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, a sì fẹnu kò pé ẹ̀gbẹ́ ni pèpéle yóò wà, pé wọn yóò fi ìbú ọkọ̀ kan sílẹ̀ láìfi àga tàbí ọ̀kadà dí i, pé wọn yóò fi pákó bo gọ́tà, àti pé ẹni tó bá yin bángà yóò gba ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má ṣe fòpin sí i ní aago mẹ́wàá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúnàá dúrà lórí ìyẹn.

Mo ti san owó mi. Mo sì ní kí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tí yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ láti aago mẹ́rin títí di aago méje, kí wọ́n sì bá mi gbé àga kan síbẹ̀, nítorí orúnkún mi.