Ẹ má fi líǹkì nìkan ránṣẹ́ sí mi mọ́, ẹ wá ká jọ gbọ́ ọ

Alẹ́ ọjọ́ kan là ń bọ̀ láti òde eré ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Aago kan òru ti kọjá. Àwọn tó kù ti sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì, àwọn míì gbórí lé ìlù. Onígìtá báàsì wa ló jókòó tì mí. Ó rọra fọwọ́ kàn mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, orin tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ibo ló wọ̀ yín lára jù níbẹ̀?”

Mo ti fèsì sí orin náà o. Àwòrán iná mẹ́ta ni mo tẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, mo tún kọ “Orin ńlá!” sí i. Ṣùgbọ́n mi ò ṣí i. Mi ò gbọ́ ìṣẹ́jú kan péré níbẹ̀. Mo ń wá irọ́ tí mo máa pa, irọ́ náà ò wá. Ọmọ náà wò mí, ó kọjú sí fèrèsé, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kejì ni mo tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé orin yẹn ni bàbá rẹ̀, tó ti di olóògbé, máa ń gbé sí i láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun.

Látìgbà náà ni èrò yìí ti ń gbé mi lọ́kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ jáde lónìí: ẹni tó fi líǹkì ránṣẹ́ kò tíì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní orin. Ìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó, tẹ́ ẹ jọ gbọ́ ọ parí, ló tó fún un.

Ẹni mẹ́sàn-án ni wá nínú ẹgbẹ́ wa. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọ, ìwúyè, kò síbi tí a kì í lọ. Ìjẹ̀bú mọ ìnáwó, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, olórin tó bá sì ń gbé àárín wa kò ní ráyè jókòó lásán. Ẹgbẹ́ WhatsApp wa, torí ká lè máa sọ ibi tí òde wà àti irú aṣọ tí a máa wọ̀ la ṣe dá a sílẹ̀. Nígbà tó yá, orin gba ibẹ̀. Ẹni tó bá rí fídíò lórí YouTube, á jù ú síbẹ̀. Ẹni tó bá rí fíìmù tó dára, á jù ú síbẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, líǹkì á ti tó mẹ́wàá, gbogbo wa á tẹ iná sí i, kálukú á bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wá bi àwọn tó kù léèrè, mo rí i pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ló mú ká máa fi í ránṣẹ́, kò kàn sí ẹni tó ń gbà á ni.

Mo gbé e síwájú ọ̀gá wa. A fẹnu kò pé ní gbogbo Ọjọ́rú, ká tó yí okùn gìtá kankan, ẹnì kan á mú ohun kan wá: orin, eré, ohunkóhun tó rí tó sì dùn mọ́ ọn. A ó kó fóònù sínú apẹ̀rẹ̀. A ó gbọ́ ọ dé òpin. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí á fi parí. Lẹ́yìn náà, ẹni tó mú un wá á sọ ìdí tó fi mú un wá.

Bàbá tó ń lu àkúbà fún wa ló kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo lọ́wọ́ ìbátan wọn kan, wọ́n fi ìró wé e bí ọmọ tuntun, wọ́n gbé e wá sí yàrá wa lẹ́bàá Òkè-Ajé. Àwo Haruna Ishola, olórin àpàlà, ni wọ́n kó dání.

Mo mọ orúkọ Haruna Ishola. Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní Ìjẹ̀bú? Mo mọ orin Musiliu ọmọ rẹ̀ pàápàá, nítorí ìgbà tí Sóyòyò jáde ní 2000, kò sí ìnáwó tí wọn kì í ti í kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì jókòó gbọ́ ojú kan àwo bàbá náà parí rí láyé mi. Ojú kan àwo lè gba ìṣẹ́jú 20, orin á máa wọ inú orin, kò ní dúró. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, onídírọ́ọ̀mù wa ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀, ẹlẹ́kíbọ́ọ̀dù ń wo apẹ̀rẹ̀ fóònù. Àpàlà kì í yára. Ó ń lọ bí àgbà tó ń ti ọjà bọ̀, tó mọ̀ pé ilé òun ò sá lọ.

Nígbà tó yá, mo rí i tí onígìtá báàsì wa gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó di ojú. Nígbà tí àwo parí, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, kí lẹni tó wà nísàlẹ̀ yẹn ń lù?”

Àgídìgbo ni. Àpótí pákó tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, tí wọ́n ń fi ìka ta. Kò sí gìtá nínú àpàlà Haruna Ishola, kò sí fèrè òyìnbó. Àgídìgbo, àkúbà, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ àti àwọn elégbè ló yí i ká, òun fúnra rẹ̀ á jókòó láàárín wọn á máa kọrin. Bàbá wá ní ká gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ká má gbọ́ nǹkan míì àfi àgídìgbo náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ni mi ò lè gbàgbé: “Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún ìyá ìlù kó sọ̀rọ̀. Kò bá a du ẹnu.”

Àwọn baba wa ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn. Ọjọ́rú yẹn ni mo mọ ohun tó ń sọ. Onígìtá báàsì wa jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an, kì í fi ihò kankan sílẹ̀ nínú orin, àwa onílù àti onígìtá a máa ń jà fún àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ náà ló ti ń ta báàsì bí ẹni ń ta àgídìgbo. Á ta ohùn méjì, á dákẹ́, á jẹ́ kí gángan parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, á tún wọlé. Nígbà tí a lọ ṣeré ìsìnkú kan ní Ṣágámù lẹ́yìn náà, àwọn ìyá tí wọ́n ti jókòó láti àárọ̀ ló dìde wá sójú agbo. Ìyá kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, lónìí ni mo gbọ́ ohun tí ìlù yín ń wí.” Ọdún kẹfà rèé tí a ti ń ṣe rìhásà, ìṣẹ́jú 20 tí a jọ jókòó ti àwo kan ló tún wa ṣe.

Bàbá tún sọ nǹkan kan fún wa tó tù mí nínú. Ní 1948 ni Haruna Ishola kọ́kọ́ gbé àwo jáde, ó fi ki Ọba Adébóyè, Orímọlúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Kò jókòó sunkún, òde ló ń bá kiri, títí tí wọ́n fi ń wá a sí ìnáwó àwọn ọlọ́lá. Ìgbà tí ọba wàjà, ó tún orin náà ṣe ní 1955, ìgbà yẹn ni òkìkí rẹ̀ wá kàn. Nígbà tó di 1969, òun àti I.K. Dairo ti jọ dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, Star Records. Olórin àpàlà àti olórin jùjú jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀! Mo wo ojú àwọn ọmọ inú ẹgbẹ́ wa nígbà tí Bàbá ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé kálukú ń ronú nípa àwo tirẹ̀ tí kò tíì tà.

Lẹ́yìn Bàbá ló kan arábìnrin wa tó ń kọrin. Wákà Batile Alake ló mú wá, Ìjẹ̀bú-Igbó náà ni. Inú kásẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà rẹ̀ ló ti rí i. Wákà ti wà lẹ́nu àwọn obìnrin Mùsùlùmí kí fújì tó délé ayé, ṣùgbọ́n Batile Alake ló kọ́kọ́ gbé e sínú àwo, tó sì mú un wọ òde ìnáwó. Ohùn kan ṣoṣo, ègbè, ìlù, ó tán. Nígbà tó parí, arábìnrin náà ní òun ti ń kọrin láti ọdún mọ́kànlá, wọn ò sọ fún òun rí pé obìnrin kan láti ìlú tí kò jìnnà sí tiwa ti la ọ̀nà tí òun ń tọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú omi lójú. Ó tún rán wa létí Salawa Abeni, ọmọ Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú etí omi, tó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976 nípa Ọ̀gágun Murtala Mohammed tí wọ́n pa lọ́dún yẹn. Kò ju ọmọ ọdún 15 lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin tó ń kọrin nílé, ẹ gbé orin àwọn ìyá wọ̀nyí sí i fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ wọn ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ Rẹ́mọ méjì tó wà láàárín wa sọ pé Ìjẹ̀bú ti gba gbogbo Ọjọ́rú. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó Adewale Ayuba wá, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ọba Bonsue Fuji, wọ́n sì jó o kí òfin dídákẹ́ tó parí. A dárí jì wọ́n.

Ibi tí mo ti rò pé ìjà máa ṣẹlẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ tó kan onídírọ́ọ̀mù. Òun ló kéré jù nínú wa. Orin Asake, olórin ìgbàlódé, ló mú wá. Bàbá kọ́kọ́ ní àwọn fẹ́ lọ gba atẹ́gùn níta. Ọ̀gá wa ní, “Bàbá, ọmọ yìí jókòó ti àwo yín.” Wọ́n padà jókòó. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n gbé orí sílẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà. Nígbà tó tán, wọ́n ní, “Àwọn elégbè yìí, inú fújì ni wọ́n ti wá. Ẹ tún un gbé.” Ọmọ yẹn kò mọ ohun tó máa fi ayọ̀ rẹ̀ ṣe. Látọjọ́ yẹn, Bàbá àti òun ló ń jọ wá sí rìhásà, ọ̀kadà kan náà. Tó bá jẹ́ líǹkì ló fi ránṣẹ́ ni, Bàbá kò ní tẹ̀ ẹ́ láéláé, ọmọ náà á sì máa rò pé àgbà kò fẹ́ gbọ́ tòun. Mo gbàgbọ́ pé èyí tó pọ̀ nínú ìjà tó wà láàárín àgbà àti ọmọdé lórí orin, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò gbọ́ ara wọn parí ni.

Ẹlẹ́kíbọ́ọ̀dù wa mú ọ̀rọ̀ Hubert Ogunde ti Ọ̀sọ̀sà, ọ̀gá eré orí ìtàgé, wá, bó ṣe jẹ́ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe nígbà tó gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall l’Ékòó ní 1944. Ó yà wá lẹ́nu pé pẹ̀lú iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ ò kúrò lára orin.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé àsìkò là ń fi ṣòfò, pé epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, kí kálukú lọ gbọ́ tirẹ̀ nílé. Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n nílé, mo máa ń gbọ́ orin bí ẹni ń jẹun lórí ìrìn. Tí ẹni mẹ́sàn-án bá jókòó ti orin kan, ẹnì kan á gbọ́ ìlù, ẹnì kan á gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹnì kan á gbọ́ ibi tí elégbè ti mí. Gbogbo rẹ̀ á di ti gbogbo wa. A ò sì lè jọ ṣe é lójú agbo bí a ò bá jọ gbọ́ ọ nínú yàrá.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń fi àwo àtijọ́ bo àmù omi. Mo mọ ibi tí wọ́n ti kó kásẹ́ẹ̀tì bàbá tó kú dà sórí ààtàn pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, Ìpẹru, Ìṣarà, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn òbí yín. Tẹ́ ẹ bá rí àwo, ẹ má dà á nù, ẹ pe aládùúgbò yín kan, kẹ́ ẹ jọ gbọ́ ọ.

Èmi ló kàn ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Mo lọ bá ìyá onígìtá báàsì wa nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo wá ṣe. Àwo jùjú tí bàbá ọmọ náà máa ń gbé sí i láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, nínú páálí rẹ̀, orúkọ ọkọ wọn wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Wọ́n yá mi. Ọmọ náà kò mọ̀. Mi ò tíì gbé e sí i, mo ń dúró dè é.