Ẹkún Gẹ̀ẹ́sì Kò Lómi

Àbúrò mi kan jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó na ẹsẹ̀ sórí tábìlì, igi ìtayín há a lẹ́nu, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù. Ojú rẹ̀ rí bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Mo yọjú wo ohun tó ń kọ: “I’M SCREAMING”. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀. Mo wo ẹnu rẹ̀, igi ìtayín kò mì. Mo dẹ etí sílẹ̀, fáànù nìkan ló ń dún nínú ilé. Kí n tó la ẹnu, ó ti tẹ òmíràn: “I’m literally sobbing.” Ó yán, ó sì fi ẹsẹ̀ kan lé ìkejì.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ wá wo àríran! Ẹni tó ní òun ń sob, kò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ó tún rántí fi àmì ìdánudúró síbi tó yẹ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń kọ irú èyí ò mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ṣòfò. Àwọn Òyìnbó tó ni èdè yìí ò fi ẹkún ṣeré rárá. Wọ́n pín in bí ẹni pín ogún. Sob ni ẹkún tó ń já èémí gbà mọ́ ẹni lọ́wọ́, tí èjìká á máa gbọ̀n. Whimper ni ti ẹni tó ń ké wúyẹ́wúyẹ́ bí ọmọ ajá tí wọ́n tì mọ́ta. Bawl, ẹnu á ya dé etí. Wail, ilé òkú ló bá mu. Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù ni snivel, torí inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí ikun imú ló ti wá. Ẹni tó bá ń snivel, imú gan-an ló ń sunkún, ojú kàn bá a dá sí i ni. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tó kọ “I’m snivelling” sábẹ́ àwòrán ológbò. Ikun ò bá fáàrí mu.

Wọ́n tilẹ̀ tún ní àwọn kan tó lè kó bá ènìyàn. Ní Scotland, ẹni tó ń greet, omi ló ń dà lójú rẹ̀. Ní England tí wọ́n jọ pààlà, ó kàn ń kí ọ ni. Keen náà ń bẹ. Ọ̀kan wá láti Ireland, òun ni ẹkún arò tí àwọn obìnrin máa ń sun sórí òkú. Èkejì, tí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, túmọ̀ sí ìtara. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ pé ẹ keen, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, kí ọ̀gá má baà bi yín pé ta ló kú.

Cry fúnra rẹ̀, àlejò ni. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló ti wá, igbe ló sì bá wọlé: ìpè, ẹ̀bẹ̀, ìkéde. Weep ni ọmọ onílé, òun ló ni omijé. Nígbà tó yá, àlejò gba iṣẹ́ mọ́ onílé lọ́wọ́, weep wá di aṣọ tí wọ́n ń gbé kọ́ di ọjọ́ ìsìn. Ẹ ṣí Jòhánù 11:35: “Jesus wept.” Ọ̀rọ̀ méjì péré. Yorùbá náà fi méjì dá a lóhùn: “Jésù sọkún.” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kú o, síbẹ̀ kò sí literally níbẹ̀.

Igbe wá ńkọ́? Lábẹ́ òfin Winchester tí Ọba Edward Kìíní ṣe ní 1285, bí olè bá jà, gbogbo ará àdúgbò gbọ́dọ̀ gbé igbe tí wọ́n ń pè ní hue and cry, kí wọ́n sì lé olè náà láti ìlú dé ìlú. Igbe yẹn lẹ́sẹ̀. Tòde òní, orí ibùsùn ni wọ́n ti ń call out ènìyàn. Wọ́n á ké, wọ́n á bú u tán, wọ́n á yí ẹ̀gbẹ́ padà sùn, kí ẹni tí wọ́n ń ké lé lórí tó jí.

Oxford pàápàá bá wọn dá sí i. Ní 2015, ìwé atúmọ̀ èdè wọn gbé adé ọ̀rọ̀ ọdún fún emoji tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ohun tí ẹnu ò lè pè. Láìpẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ní ti àgbàlagbà nìyẹn, wọ́n bá kó lọ sọ́dọ̀ èyí tí omijé rẹ̀ ń ya bí omi ẹ̀rọ. Ẹni tó rẹ́rìn-ín, òun ló ń lò. Ẹni tó sunkún, òun náà ni. Kí ẹ má baà rò pé èmi mọ́: mo ti kọ “I’m dead” rí, mo sì ń jẹun lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi onígi-ìtayín yìí kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí wa pé, “I’m crying.” Ẹ̀gbọ́n wa àgbà fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Èmi fi ojú olómijé mẹ́ta lé e. Ẹnì kan kọ “Lol, me too.” Kò pẹ́ ni fóònù mi dún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ń fi mí rẹ́rìn-ín?”

Ohùn rẹ̀ ti há. Wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

“O ò sọ fún wa.”

“Mo sọ! Mo ní mò ń sunkún!”

“Gẹ̀ẹ́sì lo fi sọ ọ́.”

Ó dákẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe fa ikun símú lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì, ohùn tín-ín-rín kan sì tẹ̀lé e. Snivel gan-an nìyẹn, kò lé, kò dín. Mi ò sọ fún un.